Owó Kòkó Bàbá Rẹ Tó, Àlàyé Ló Kù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní FUTA nínú Applied Geology, mo sìnrú ìlú parí ní 2022, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ borehole ṣiṣẹ́. Yunifásítì ìjọba kan ní Kánádà ti gbà mí fún másítà nípa omi abẹ́ ilẹ̀, September 2026 la máa bẹ̀rẹ̀. Owó ilé ìwé ọdún kan jẹ́ 21,000 dọ́là Kánádà, mo sì ti san 5,000 nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, màmá mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Mílíọ̀nù 38 náírà ló wà nínú àkáǹtì bàbá mi, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 26 nínú rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní December. Màmá mi ní mílíọ̀nù 5, èmi náà ní 2. Ẹ́jẹ́ńtì kan ní Alágbàká, níbí ní Àkúrẹ́, ní Kánádà ò ní gba owó yẹn wọlé. Ó ní òun á bá mi wá mílíọ̀nù 30 tí yóò wà nínú àkáǹtì mi fún oṣù kan, kí n san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 800. Ó tún ní kí n san owó PAL, ìyẹn lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, lọ́tọ̀, kí n má sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rárá pé UK kọ̀ mí ní físà ní 2023. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo bá ọ yọ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, má san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 800 yẹn. Owó tó wà nílé yín tó. Ohun tí kò tíì sí ni àlàyé tí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lókè òkun, tí kò fojú kan igi kòkó rí, lè kà kí ó sì yé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 1 September 2025, IRCC, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá lọ fi 22,895 dọ́là Kánádà hàn fún ilé àti oúnjẹ ọdún kan, bí kò bá ṣe ìpínlẹ̀ Quebec ló ń lọ, nítorí Quebec ní ètò tirẹ̀. Owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́ àti owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú iye yẹn. Nínú 21,000 tìrẹ, 16,000 ló kù. Fi 22,895 lé e, ó di 38,895. Ká ní 2,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ di 40,895. Bí a bá ka dọ́là Kánádà kan sí ẹgbẹ̀rún kan náírà kí ìṣirò lè rọrùn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 41 náírà nìyẹn. Ti bàbá, ti màmá àti tìrẹ jẹ́ mílíọ̀nù 45. Lọ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là Kánádà lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́, torí náírà kì í dúró sójú kan. Bí ó bá ti gbéra, ẹ wá àfikún díẹ̀. Iye tí IRCC ń béèrè náà máa ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà má jẹ́ kí ìwé rẹ pẹ́.

Wàyí o, mílíọ̀nù 30 ti ẹ́jẹ́ńtì. Mo mọ bí òwò yìí ṣe gbilẹ̀. Kí ìjọba tó já náírà sílẹ̀ ní June 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là Amẹ́ríkà kan ní báńkì. Nígbà tí 2024 yóò fi dé ìdajì, ó ti ń lọ sí 1,500. Ìdílé tí owó wọn pé tẹ́lẹ̀ wá rí i pé kò pé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan sọ yíyá èèyàn lówó fún àfihàn di iṣẹ́ òòjọ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò kì í wo iye tó wà nísàlẹ̀ nìkan. Àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́rin ni IRCC kọ sínú ohun tó ń béèrè. Bí tìrẹ bá jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò rí owó oṣù rẹ tó ń wọlé, yóò rí owó dátà àti owó ọkọ̀ tó ń jáde, lẹ́yìn náà yóò rí mílíọ̀nù 30 tó já bọ́ lọ́jọ́ kan láti ọwọ́ ẹni tí kò bá ọ tan. Kí lo fẹ́ sọ pé ó jẹ́? Bí o bá ní ẹ̀bùn ni, irọ́ ni. Bí o bá ní àwìn ni, a jẹ́ pé kì í ṣe owó rẹ.

Òfin Kánádà lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, IRPA, ní abala 40, sọ pé ẹni tó bá parọ́ tàbí tó fi ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́ nínú ìwé rẹ̀ kò ní lè wọ Kánádà fún ọdún márùn-ún. Orúkọ rẹ ni wọn yóò kọ síbẹ̀. Ẹ́jẹ́ńtì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ ní Alágbàká. Ní 2023, ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Íńdíà kan kárí ayé: wọ́n ti dé Kánádà, àwọn kan tilẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ parí, kí ó tó hàn pé ayédèrú ni ìwé ìgbaniwọlé tí ẹ́jẹ́ńtì fi bá wọn gba àṣẹ. Wọ́n dojú kọ lílé kúrò nílùú, ó sì di dandan kí olúkúlùkù wọn fi hàn pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Láti December 2023 ni ilé ìwé ti gbọ́dọ̀ máa jẹ́rìí fún IRCC fúnra rẹ̀ pé òun ló kọ lẹ́tà ìgbaniwọlé tó wà níwájú wọn. Ìwọ mọ̀ nípa mílíọ̀nù 30 tìrẹ dáadáa, nítorí náà o kò ní rí àwíjàre kankan wí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kòkó, torí ibẹ̀ ni ìwé rẹ yóò ti dúró tàbí ṣubú. Ẹni tó bá dàgbà ní Oǹdó, Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì mọ̀ pé owó kòkó kì í wọlé bí owó oṣù. Láti nǹkan bí October sí January ni èyí tó pọ̀ jù máa ń jáde, ìwọ̀nba tún máa ń wá láàárín ọdún. Àgbẹ̀ lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí báńkì má gbúròó rẹ̀, kí ó wá gbé mílíọ̀nù lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n lójú òṣìṣẹ́ Kánádà, mílíọ̀nù 26 tó wọlé ní December kò yàtọ̀ sí mílíọ̀nù 30 tí ẹ́jẹ́ńtì fẹ́ gbé wá, àfi bí o bá fi ìyàtọ̀ hàn án. Wọn kì í sì í sábà pe akẹ́kọ̀ọ́ wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń dájọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí bàbá kọ lẹ́tà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ni wàá tẹ̀ ẹ́, kí ó má sì ju ojú ìwé méjì lọ. Kí ó sọ ibi tí oko wà, bí ó ṣe tóbi tó, ọdún tí ó ti ń dá a, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, iye báàgì tó tà àti iye tó tà á ní 2024 àti 2025. Kí ó sọ ibi tí owó náà wà kí ó tó dé báńkì. Bí apá kan bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó, tí apá kan wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó sì sọ ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi pàdé ní báńkì ní December, bóyá torí pé ọmọ rẹ̀ ń wá ilé ìwé ní òkè òkun, ó sì fẹ́ kí owó náà wà lójú kan. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí ó kọ. Kí ó parí rẹ̀ pé ẹ̀bùn ni owó náà jẹ́ fún ọ, pé òun kò ní gbà á padà.

Má gbàgbé láti fi kún un pé 2024 kì í ṣe ọdún lásán fún oníkòkó. Lọ́dún yẹn, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là Amẹ́ríkà lórí tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, nígbà tí 2025 sì fi ń parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé báwo ni àgbẹ̀ Oǹdó ṣe ní mílíọ̀nù 26, ìdáhùn wà nínú ìròyìn ọjà tí òun fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ wò. Gbólóhùn méjì tó fún èyí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, ìyẹn náà tó fún gbólóhùn kan.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni ẹ̀rí. Rìsíìtì tàbí ìwé ìwọ̀n tí ẹni tó ń ra kòkó kọ fún bàbá. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni yẹn, lórí ìwé iléeṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà fóònù tó ń lọ. Ìwé ìfowópamọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìwé oko, ì báà jẹ́ ìwé tí wọ́n fi rà á tàbí lẹ́tà olórí ẹbí tó jẹ́rìí pé ìpín bàbá ni. Rìsíìtì owó orí, bí ó bá wà. Bí kò bá sí, fi í sílẹ̀. Má lọ ra èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ ẹ̀yìn sí. Ya fọ́tò oko náà bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè dípò rìsíìtì.

Orúkọ máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Orúkọ kan ni bàbá ń jẹ́ ní báńkì, òmíràn ni wọ́n kọ sínú ìwé oko ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹni tó ń ra kòkó sì ń kọ orúkọ ọmọ àkọ́bí mọ́ ọn: Bàbá Lágbájá. Lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́, kí bàbá búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ gbogbo orúkọ wọ̀nyí, kí o fi ìwé ìbí rẹ tì í kí ó lè hàn pé bàbá rẹ ni. Ìwé ìbúra wúlò fún irú èyí. Àwọn kan ń rò pé bí àbúrò bàbá bá ti búra ní kóòtù pé òun á san owó ilé ìwé, ó ti parí. Ìwé ìbúra kì í ṣe owó.

Bí ìwé ẹgbẹ́ tàbí lẹ́tà olórí ẹbí bá wà ní èdè Yorùbá, o gbọ́dọ̀ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe ẹbí rẹ ni yóò tú u. Wá ògbufọ̀, kí ó búra sí iṣẹ́ rẹ̀, kí o sì fi ojúlówó ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ti màmá rọrùn díẹ̀. Ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba, tí owó ń wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún ogún, àkọsílẹ̀ báńkì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Káàdì àjọ àti rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù ló kù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ fún un, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Owó tìrẹ, fi ìwé owó oṣù rẹ tì í. Fi rìsíìtì 5,000 tí o ti san sí i pẹ̀lú, torí ẹ̀rí gidi ni.

PAL ńkọ́? Ẹ́jẹ́ńtì fẹ́ gba owó ohun tí o kò nílò lọ́wọ́ rẹ. PAL ni lẹ́tà tí ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà fi ń jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú iye tí wọ́n gbà á láàyè láti gbà. January 2024 ló dé, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbèdéke sí iye akẹ́kọ̀ọ́ àjòjì. Ní January 2025, wọ́n ní kí ẹni tó ń lọ ṣe másítà àti ẹni tó ń lọ gba oyè dókítà náà máa mú un wá. Láti 1 January 2026, wọ́n tún yọ wọ́n kúrò, bí ilé ìwé wọn bá ti jẹ́ ti ìjọba. Tìrẹ jẹ́ ti ìjọba. Wo lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ dáadáa kí o rí i dájú pé másítà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe díplómà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, torí ẹni tó ń lọ ṣe díplómà ṣì nílò PAL. Kódà fún àwọn tó nílò rẹ̀, ilé ìwé ló ń bá wọn gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Kò sí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ fún títà. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń dárúkọ Nigeria Student Express, ètò tí Kánádà fi ń yára yẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà wò tẹ́lẹ̀, àti 30,000 dọ́là tí wọ́n ní kí èèyàn fi hàn fún un, 8 November 2024 ni wọ́n ti pa ètò yẹn rẹ́. Ẹni tó ṣì ń pariwo rẹ̀ kò ka ìwé láti ìgbà náà.

Nípa UK, kọ ọ́ síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ní tààrà bóyá orílẹ̀-èdè kankan ti kọ̀ ọ́ ní físà rí, kì í ṣe Kánádà nìkan. Kánádà, UK, Amẹ́ríkà, Australia àti New Zealand jọ ń pín ìsọfúnni lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, títí kan ìtẹ̀ka. Ìka tí o tẹ̀ fún UK ní 2023 náà lo máa tẹ̀ fún Kánádà. Bí o bá kọ "rárá", o ti bọ́ sínú abala 40 tí mo dárúkọ lókè, lórí ohun tí kò tó nǹkan. Fi lẹ́tà tí UK fi kọ̀ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí o ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni UK máa ń kọ̀ nítorí pé owó wọn kò pé ọjọ́ 28 ní àkáǹtì gẹ́gẹ́ bí òfin wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ ohun tó ti yàtọ̀ báyìí. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ níbòmíràn kì í ti ilẹ̀kùn Kánádà.

Lẹ́yìn owó, ohun tó ń já ìwé sílẹ̀ jù ni pé òṣìṣẹ́ kò gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò kúrò ní Kánádà nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé. Òfin ló fi ìbéèrè yẹn sí i lọ́wọ́, nínú abala 216 ìlànà wọn. Ibi tí ìwé àlàyé ẹ̀kọ́ rẹ, èyí tí o fi ń sọ ìdí tí o fi fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ti máa ṣiṣẹ́ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ń rí ìkọkúkọ jù. Gbogbo èèyàn ń da lẹ́tà kan náà kọ: Kánádà lẹ́wà, Kánádà gba àlejò, ẹ̀kọ́ wọn dára lágbàáyé. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé nílùú náà mọ̀ pé ó lẹ́wà.

Ìwọ ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Àpáta líle ló wà lábẹ́ Àkúrẹ́. Omi kò tàn kálẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀ bí ó ṣe rí ní etíkun Èkó. Inú àlàfo àpáta tó ti sán àti èyí tó ti rà ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì tí ògiri kan ṣoṣo pín níyà fi lè gbẹ́ borehole, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì gbẹ́ títí owó fi tán. O ti ṣiṣẹ́ yìí láti 2022. Kọ nípa ibi tí ẹ gbẹ́ tí ẹ kò rí omi, irú ẹ̀rọ tí ẹ fi yẹ ilẹ̀ wò, ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, mú kọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta nínú másítà náà, dárúkọ wọn, kí o fi hàn bí wọ́n ṣe kan ìṣòro yẹn. Dáhùn ìbéèrè tí kò ní ṣàìwá sọ́kàn rẹ̀: kí ló dé tí o kò ṣe é ní FUTA níbí pẹ̀lú owó tó kéré? Ìdáhùn náà kò gbọ́dọ̀ bu FUTA kù, torí ibẹ̀ lo ti gba oyè tí o fi rí ilé ìwé. Sọ ohun tó wà lọ́hùn-ún tí kò sí níbí, bóyá yàrá àyẹ̀wò kan tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí omi inú àpáta. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ pé iṣẹ́ wà fún ọ bí o bá padà, bí ó bá fẹ́ fún ọ lóòótọ́. Oko bàbá, ṣọ́ọ̀bù màmá, àwọn àbúrò, gbogbo ìyẹn náà wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dúró dè ọ́ lágbára jù wọ́n lọ fún ẹni tí kò tíì lọ́kọ.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé kí o búra pé o kò ní lo ọjọ́ kan lé e. Má ṣe é. Òfin wọn gbà pé èèyàn lè ní i lọ́kàn láti dúró lọ́jọ́ iwájú bí ọ̀nà òfin bá ṣí. Ohun tó ń fẹ́ ni kí o ṣetán láti lọ bí àkókò rẹ bá pé. Másítà tilẹ̀ lè fún ọ láǹfààní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìwé. Kò pọn dandan kí o máa ṣàlàyé ìyẹn fún wọn nínú lẹ́tà. Ẹ̀kọ́ lo torí ẹ̀ ń lọ, ẹ̀kọ́ ni kí o kọ.

Ohun kan ń da àwọn èèyàn rú, kí n yára là á. Ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo yín ń pè ní study permit, kì í ṣe físà. Físà ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ páálí ìrìnnà rẹ kí o lè wọ ọkọ̀ òfuurufú kí o sì dé ẹnu ibodè. Bí wọ́n bá gbà ọ́, lẹ́tà kan yóò wá sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ̀ ẹ́ jáde, gbé e dání, má fi í sínú àpótí tí wọn yóò gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ibodè ní pápákọ̀ òfuurufú Kánádà ni yóò tẹ study permit fún ọ lẹ́yìn tó bá rí lẹ́tà yẹn. Kà á kí o tó kúrò níwájú rẹ̀: orúkọ rẹ, ọjọ́ tó máa parí, àti bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé o lè ṣiṣẹ́. Wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè níta ọgbà ilé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Bí o bá sì fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé lẹ́yìn tí o débẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tuntun.

Ìwé ìrìnnà lo lè ṣe ní Alágbàká. Láti September 2025, olójú ewé 32 fún ọdún márùn-ún jẹ́ 100,000 náírà, olójú ewé 64 fún ọdún mẹ́wàá jẹ́ 200,000. Bí tìrẹ bá kù díẹ̀ kó parí, ṣe tuntun kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí ìwé àṣẹ rẹ kò ní kọjá ọjọ́ tí páálí bá parí. Owó study permit jẹ́ 150 dọ́là Kánádà, ìtẹ̀ka jẹ́ 85. Lẹ́yìn tí o bá san án, lẹ́tà ìtẹ̀ka yóò wá, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún ọ láti lọ. Kò sí ibi ìtẹ̀ka Kánádà ní Àkúrẹ́. Èkó tàbí Àbújá ni. Dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí fún àyẹ̀wò ara náà kò sí nítòsí, nítorí náà ṣètò kí o ṣe méjèèjì nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, kí o má baà máa gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ bọ̀.

Ṣí àkáǹtì IRCC rẹ fúnra rẹ, pẹ̀lú ímeèlì rẹ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ìwọ nìkan mọ̀. Mo ti rí àwọn tí ẹ́jẹ́ńtì fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí i fún: IRCC kọ̀wé béèrè ìwé kan, ẹ́jẹ́ńtì kò rí i tàbí kò ráyè, ọjọ́ pé, wọ́n kọ̀ wọ́n. Bí o bá fẹ́ sanwó fún ẹni tó máa bá ọ ṣe é, agbẹjọ́rò Kánádà tàbí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹjọ́rò (paralegal) tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀, nótárì Quebec tàbí olùdámọ̀ràn tó ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ College of Immigration and Citizenship Consultants nìkan ni òfin wọn gbà. Orúkọ àwọn wọ̀nyí wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sì wà nínú fọ́ọ̀mù IMM 5476, èyí tí o fi ń yan aṣojú, tí o fọwọ́ sí. Ní kí ẹ́jẹ́ńtì rẹ fọwọ́ sí IMM 5476, kí o wo ojú rẹ̀. Owó ilé ìwé tó kù náà, láti báńkì sí àkáǹtì ilé ìwé ni kí ó gbà lọ, pẹ̀lú Form A, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí báńkì Nàìjíríà fi ń ta owó òkèèrè fún irú ìsanwó báyìí. Kí ó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo èyí, má fi ìwé kan náà ránṣẹ́ padà lọ́sẹ̀ kejì bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe. Láti July 2025, IRCC ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ tó ṣèpinnu mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èèyàn. Kà á kí o mọ ohun tí kò yé e gan-an, kí o sì dáhùn ìyẹn. Bí o bá gbà pé ó ṣì òfin lò, ọjọ́ 60 ni ẹni tó wà lẹ́yìn òdì ní láti gbé e lọ sí Federal Court, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Kánádà, ìyẹn sì ń fẹ́ agbẹjọ́rò àti owó. Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí ilé ìwé sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú kí wọ́n sì tún ìwé ṣe ló dára jù. Béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé báyìí, kí ó tó di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, bóyá wọ́n lè sún un, àti iye tí wọn yóò dá padà nínú 5,000 bí kò bá bọ́ sí i.

Iṣẹ́ rẹ, má tíì fi í sílẹ̀. Owó oṣù tó ń wọlé wà nínú ẹ̀rí rẹ, lẹ́tà ọ̀gá rẹ náà sì kò ní nítumọ̀ bí o bá ti kúrò níbẹ̀. Sọ fún ọ̀gá pé o ń gbìyànjú, torí ìwọ ni wàá béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí páálí bá padà dé pẹ̀lú físà nínú rẹ̀ ni kí o tó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, kí o sì fún wọn ní iye ọjọ́ tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ sọ.